Irin Tí Kì í Purọ́

Ọdún mẹ́rin ni Kalervo Hyttinen fi kọ lẹ́tà
sí àwọn alákòóso pápá yìnyín ìlú Tampere:
"Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó kọ orin orílẹ̀-èdè lánàá
gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ.
Ìdajì ohùn ló fi jù ú."
Wọn kì í fèsì. Ẹ̀ẹ̀kan péré
ni wọ́n fi káàdì Kérésì ránṣẹ́, àti tíkẹ́ẹ̀tì méjì.

Àádọ́ta ọdún ló fi ń tún okùn dùùrù fà,
dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, dùùrù ilé ìwé,
dùùrù opó kan ní Pispala tí ológbò bímọ sínú rẹ̀.
Etí rẹ̀ ni oko, etí rẹ̀ ni àdá.
Ìkòkò tó bá ń hó, á sọ ibi tó wà lórí àtẹ dùùrù.
Sylvi ìyàwó rẹ̀, kó tó kú, a máa ní:
"Wọ́n ń sunkún níbi òkú, ìwọ ń wọn igbe."

Sátidé yẹn, àwọn ọmọ Ẹstóníà ló kọjá òkun wá.
Orin tiwọn àti ti Fínlándì, ohùn kan náà ni,
bí ọmọ ìyá méjì tó ń jẹ́ orúkọ baba ọ̀tọ̀.
Ọmọkùnrin àlejò kọ́kọ́ kọ tirẹ̀.
Kalervo wa eyín pọ̀. Ó ga jù.
Lẹ́yìn náà ni Säde jáde, ọmọ ọmọ rẹ̀,
ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa,
èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.
Gbogbo ènìyàn dìde, wọ́n ṣí fìlà.

Òun náà! Òun náà ga jù!
Ohùn tó fi díẹ̀ yẹ̀, tí ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò fura sí,
há sí i lágbárí bí egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun.
Ẹni tó fẹ́ pe igbá,
tí ohùn yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu tó pe igba,
kí ni yóò fi bu omi?

Nínú tírámù, yìnyín ń fọ́n sára fèrèsé.
"Ṣé mo kọ ọ́ dáadáa?"
Irọ́ a máa ṣòro fún ẹni tó fi òtítọ́ okùn jẹun.
"O gbé e ga. Ìdajì ohùn."
Ọmọ náà dákẹ́ fún ibùdókọ̀ méjì.
Ó wá ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ irin ẹlẹ́nu méjì,
èyí tí bàbá àgbà fún un nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.
"Eléyìí ni mo fi mú ohùn.
Mo lù ú mọ́ orúnkún lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jáde."

Ó gbà á. Ó lù ú mọ́ orúnkún tirẹ̀,
ó gbé e sí egungun ẹ̀yìn etí.
Irin náà ga jù.

Irin tí kò mọ Säde, tí kò mọ ojúsàájú,
tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́.
Ó tún un lù. Obìnrin tó gbé àpò ànàmọ́ lẹ́sẹ̀ bojú wò ó.
Irin náà ga jù.

Ojú ń ṣú, à ń wọ dígí; orúnkún ń yẹ̀, à ń mú ọ̀pá.
Ta ló sọ fún un pé etí náà a máa kúrò ní ipò rẹ̀,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àga tí ilẹ̀ ń rì lábẹ́ rẹ̀,
tí ẹni tó jókòó lé e á máa bínú sí ògiri
pé ògiri ló wọ́?

Lẹ́tà mọ́kànlélógún.
Ọmọbìnrin onírun pupa inú oṣù Kẹta.
Panápaná tó fi omijé parí ẹsẹ̀ kejì.
Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, Olúwa, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi!

"Ṣé inú ń bí yín?"
Ó ní rárá. Ó ní kó tún un kọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
níbẹ̀, láàárín àwọn ará tírámù.
Ó kọ ọ́.
Ó ṣì ga jù.
Bàbá àgbà ń mi orí sí i, ó ń fi ìka lu itan,
etí rẹ̀ ń jiyàn,
irin tutù nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.