Àlejò Tí Kò Dé

Mopélọ́lá bi mí léèrè: kí ló dùn níbẹ̀?
Obìnrin kan dá wà nínú ilé, ilé ọ̀hún jìnnà sí títì,
ajá gbó lẹ́ẹ̀kan, kò gbó mọ́.
Ẹnìkan ti dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì.
Àwa ti rí bàtà rẹ̀, obìnrin náà kò rí i,
ó ń da omi gbígbóná sínú kọ́ọ̀pù
bí ẹni tí ọ̀la dá lójú.
Mo ti ká ẹsẹ̀ sórí àga. Itọ́ ti gbẹ lẹ́nu mi.
"Pa á," ìyàwó mi wí, "kí á sùn."
Mo ní kó ṣe sùúrù. Wọn ò tíì wọlé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní Arówómọlẹ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́,
nígbà tí olè kọ lẹ́tà sí àdúgbò wa.
Ojú ewé kan tí wọ́n ya nínú ìwé ọmọ iléèwé,
báírò pupa, ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára ju ti tíṣà wa lọ:
*A kí yín o. À ń bọ̀ wá kí yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á bá ilé lófìfo.*
"Ẹ jọ̀ọ́" yẹn ló ba bàbá mi lẹ́rù jù.
Alàgbà Gbádégẹṣin kà á sétí gbogbo onílé lábẹ́ igi kaṣú,
ohùn tó fi ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ló fi kà á;
nígbà tó parí, ẹnìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àmín.

Alẹ́ ọjọ́ náà la bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.
Bàbá ti kọ́bọ́ọ̀dù dí ilẹ̀kùn.
Màmá ri owó mọ́ inú ìyẹ̀fun láfún,
ó kó àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní ẹ má mí.
A gbìyànjú.
Mo gbọ́ súfèé àwọn ọdẹ láti ọ̀nà Tákìé.
Mo gbọ́ àdá tí wọ́n ń wọ́ lórí ọ̀dà.
Máńgòrò kan já bọ́ sórí páànù, gbà!
àyà mi sì bá a já.

Alẹ́ kìn-ín-ní, wọn ò wá.
Alẹ́ kejì, òjò.
Lálẹ́ karùn-ún, Sùnmọ́nù aránṣọ ṣá àbúrò ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀
nínú òkùnkùn, bó ṣe ń ti ìdí ẹmu bọ̀.
Òun nìkan lẹ̀jẹ̀ jáde lára rẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ parí. Oṣù yí po. Wọn ò wá.
Bàbá kò gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò;
ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn là ń gbà, títí ó fi kú.

Ẹni tí olè jà á sunkún, á ka ohun tó ṣẹ́ kù,
aládùúgbò á bá a dárò, ó tán.
Ta ni yóò bá ẹni tí olè ò jà dárò?

Ìdí nìyẹn, Mopélọ́lá.
Nínú fíìmù, àwọn tó ní àwọn ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀.
Ilẹ̀kùn á ké. Gíláàsì á fọ́.
Obìnrin náà á sá gòkè
(òkè ni wọ́n máa ń sá sí, ẹ má bi mí),
kí wákàtí méjì tó pé, ilẹ̀ á mọ́,
ọlọ́pàá á dé nígbà tí kò wúlò mọ́,
orúkọ á máa gùn lọ lójú dúdú tẹlifíṣàn.
Àwọn olè pàápàá lórúkọ. Wọ́n ti gbowó iṣẹ́ wọn.

Kò dáhùn. Mo rò pé ó ti sùn.
Ìgbà yẹn ni nǹkan kan bọ́ lu páànù tiwa, gbà!
Ó gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi, ó pa ohùn mọ́ wọn lẹ́nu.
A tẹ́tí. Kò sí ẹni tó mí.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan dìde dúró nínú mi,
Ọlọ́run má bínú, ó ń fẹ́ kó jẹ́ àwọn.

"Máńgòrò ni," ó wí.
"Mo mọ̀."
Ó lọ yẹ ilẹ̀kùn wò. Ó tún padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò.
Ó wá jókòó, ó fa ìdajì aṣọ ìbora mi mọ́ra,
kò ní kí n pa á mọ́.
Ó ní, "Sún síbí.
Ṣé wọ́n ti wọlé?"