Mẹ́tàdínlógójì

Oòrùn Kalacha ti jókòó sí wa lórí.
Ọkọ̀ wa dúró lẹ́bàá kànga, ó lanu sílẹ̀ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.
Nínú kúlà: yìnyín díẹ̀, ìgò kéékèèké,
àti búrẹ́dì tí Dókítà Nyaguthii kò ráyè jẹ láti àná.
Èmi ni mo ń di okùn mú. Èmi náà ni mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀.
Iṣẹ́ méjì, owó kan.

Ràkúnmí ń bọ̀.
A-gbọ́rùn-sókè-bí-ẹni-ń-yọjú-wo-ilé-onílé,
a-jẹ-ẹ̀gún-bí-ẹni-ń-jẹ̀fọ́,
ẹlẹ́sẹ̀ tìmùtìmù tí í tẹ iyanrìn tí iyanrìn kò ní í gbọ́,
a-bínú-má-gbàgbé.
Ẹ ṣọ́ra, ó ń tutọ́.

Mo mú un kúnlẹ̀. Dókítà wá iṣan lọ́rùn rẹ̀,
ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi wú bí okùn tó rin sómi.
Abẹ́rẹ́ wọlé, ẹ̀jẹ̀ dúdú yọ.
Ó kọ ọ́ sára ìgò: mẹ́tàdínlógójì.

"Kí ló kọ yẹn?" Talaso ló bi mí, ìyá àgbà tó ni agbo.
Mo ní nọ́ńbà ni.
"Nọ́ńbà wo? Dalacha ni.
Ìyá rẹ̀ ni mo gùn wá sílé ọkọ.
Wàrà rẹ̀ ló tọ́ ọmọ-ọmọ mi méjì lọ́dún ọ̀dá.
Sọ fún ọmọbìnrin yẹn kó pa á rẹ́."
Mo túmọ̀ rẹ̀. N kò túmọ̀ gbogbo rẹ̀.
Dókítà rẹ́rìn-ín, ó nuwọ́, ó ní ẹ̀rọ kì í ka orúkọ.

Ọdún yẹn, ràkúnmí ń wó bí ilé amọ̀ lójò.
Yóò jẹun lálẹ́, kò ní í jí láàárọ̀.
Kò sí ọgbẹ́, kò sí ibà tí ọwọ́ mọ̀,
àfi ikọ́ kan, bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì.
Dalacha náà lọ. A ò sí níbẹ̀.

Ìgò rẹ̀ dé Nàìróbì, ó wọ bàálù,
ó sùn nínú fíríìjì lẹ́yìn òkun,
ẹnìkan gbàgbé láti fọwọ́ sí ìwé.
Oṣù mẹ́jọ. Èsì dé, ojú ìwé mẹ́rìnlá.
Mo kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá:
kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn, kì í ṣe èyí tí a fura sí.
A kò tíì mọ̀.

Ta ni yóò gbé irú èyí tọ arúgbó lọ?
Iṣẹ́ mẹ́ta, owó kan.

Mo ti ń retí èébú. Talaso ń fọ igbá wàrà, kò gbójú sókè.
"Ó ní àwọn ò tíì mọ̀?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Gbogbo ẹni tó ti wá síbí ló mọ̀.
Olóògùn mọ̀, ó gba ewúrẹ́ mẹ́ta.
Olóṣèlú mọ̀, ó ya fọ́tò.
Ẹni tó ní òun ò mọ̀, ẹ tẹ́ awọ fún un kó jókòó."

Ó wá ní: "Ṣé ẹ bèèrè ibi tí àwọn tó kú ti jẹko?
Apá ìlà oòrùn ni, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí eégbọn pọ̀.
Àwọn tó gun òkè ò wúkọ́ rí."
Bírò Dókítà dúró. Ó tún sáré.
"Èwo àti èwo, Màmá?"

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n.
Ilẹ̀ ṣú. A tan iná fóònù. Kò tíì parí.
Dókítà fa ìlà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà nínú ìwé rẹ̀,
ó bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ Dalacha.

Yìnyín inú kúlà ti di omi.
Talaso kọ̀, a ò gbọdọ̀ dà á nù.
Ọmọ Dalacha ló mu ún,
ó gbọnrí sí òtútù rẹ̀, ó sì tún tẹnu bọ̀ ọ́.