Àtẹ́lẹwọ́ Leander

Ní Burgeo, létí òkun Kánádà, kí yìnyín tó dé,
mo fi jáàkì gbé tírélà ọkọ̀ ojú omi bàbá mi.
Mo yí táyà. Ó ń kùn
bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun.

Mo fi òòlù kan ìdérí rẹ̀ kúrò.
Gírísì inú rẹ̀ ti funfun bí wàrà.
"Iyọ̀ òkun kì í sùn," Leander máa ń wí,
"orí ilẹ̀ gbígbẹ náà ló ti ń jẹ irin."
Ojú béárìn ti rí kókó-kòkò,
bí ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà.

Mo bu gírísì sátẹ́lẹwọ́, mo mú béárìn tuntun,
mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn,
títí gírísì fi yọjú lódìkejì.

Bí a bá dé èbúté, Leander kì í kọ́kọ́ wo omi.
Á bẹ̀rẹ̀, á gbọ́wọ́ lé àárín táyà
bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.
"Ó tutù." Ó parí.

Lóṣù Kẹta, èmi ni mo gbọ́wọ́ lé iwájú orí rẹ̀.
Ó gbóná janjan.
Kò sí nọ́ọ̀tì tí mo lè tú.

Mo dé ìdérí padà. Mo yí táyà.
Kò sọ nǹkan kan.