Ìlóṣòó

Níwájú yàrá kẹrin ní ọsibítù Wẹ́sílì, ní Iléṣà,
màmá mi wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka táìlì ilẹ̀.
Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń ka owó tó kù nínú báàgì.
Àwa méjèèjì ò parí ìṣirò.

Bàbá tó bí màmá mi, Fámúrewá ará Òkèsà,
gbé aṣọ dé Ìlọrin, ó gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́,
ó tà á láwìn, ó sì padà lọ gbowó.
Bí onígbèsè bá ní, "Ẹ padà wá lọ́la,"
á ká ṣòkòtò sókè, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà:
òṣó ni n ó máa ló títí n ó fi gbowó mi.
Òjò rọ̀ lé e lórí. Ewúrẹ́ bu etí fìlà rẹ̀ jẹ.
Kò dìde.
Ohun tí wọ́n fi tọ́ wa nílé wa nìyẹn:
bí ayé bá jẹ ọ́ lówó, lóṣòó tì í.

Mo tètè kọ́ ọ.
Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi,
tó ń bá àwo jà, tó ń bá ilẹ̀kùn jà.
Mo lóṣòó sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi,
mo fi èékánná ha ìpẹtà rẹ̀ títí ó fi di ìlú:
ibí ni ọjà, ibí ni odò,
ibí ni ilé kan tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pariwo.
Wọ́n ní ọmọdé ò mọ ìrònú.
Dúrọ́ọ̀mù yẹn ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ lọ wò ó.

Ṣeyẹ àbúrò mi, lọ́mọ ogún ọdún, kò lè dúró lójú kan.
Nígbà tí wọ́n ti yunifásítì pa lẹ́ẹ̀kẹta,
ó lọ lóṣòó sínú kòtò góòlù lọ́nà Ìgún,
ó ń fọ yanrìn láti àárọ̀ dalẹ́.
Ó ń rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù.
Lóru ọjọ́ kan ó kan ilẹ̀kùn mi,
ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti rẹ̀ mí,"
ó sunkún lórí àpò gààrí títí àkùkọ fi kọ.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó jẹun bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé.

Èmi ńkọ́? Mo ti lé ní àádọ́ta.
Mo ti lóṣòó ti ọkọ tó lọ,
mo ti lóṣòó ti owó iléèwé, ti ẹ̀jẹ̀ ríru,
mo ń gbá àgbàlá tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí.
Bí wọ́n bá ní, "Ẹ kú ìrọ́jú," màá ní, "A dúpẹ́,"
eyín mi á máa pa keke.

Màmá mi fọwọ́ tọ́ mi.
Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé mẹ́rin; orúnkún rẹ̀ ò ṣeé tẹ̀ mọ́.
"Ṣé wọ́n sọ ìparí ìtàn bàbá mi fún ọ?
Ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó onígbèsè gbé àpótí jáde.
Ó ní, Bàbá, ẹ jókòó, ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n.
Ó jókòó. Ó jẹ iṣu sísun.
Òun àti onígbèsè sọ̀rọ̀ òjò,
wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́."
"Ó wá fi owó náà jì í?"
"Ìjẹ̀ṣà wo? Ó gbà á lọ́dún kejì, tọ́rọ́ kan ò dín.
Ṣùgbọ́n orí àpótí ló ti gbà á."

Nọ́ọ̀sì pe orúkọ kan, kì í ṣe tiwa.
Màmá mi sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì,
ó fọwọ́ nu eruku ibi tó ṣófo.
Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀
pé láti àárọ̀, orí gìgísẹ̀ mi ni mo wà.

Ayé ò tíì san nǹkan kan.
Mo jókòó.