Ọwọ́ Tó Ń Bọ́ni Jù

Drahomíra, irun ti hù sórí òkun rẹ.
Irun àwọ̀ ewé, ó gùn tó ìka mi àárín,
ó bo òkúta, ó dí ẹnu pọ́ǹpù,
ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti ń retí mi.

Ní Brno níbí, kò sẹ́ni tó ń gbóòórùn òkun.
Ilẹ̀ wa ò ní etíkun kankan;
inú garawa la ti ń po òkun tiwa,
iyọ̀ inú àpò, omi sísẹ́,
ṣíbí onígi tí o fi ń ro ọbẹ̀ kábéèjì tẹ́lẹ̀.
Ìwọ lo sọ pé, "Vlastimil, ọgbọ̀n ọdún lo fi wa tírámù.
Wá wo ohun tí kì í tẹ̀ lé ojú irin."

Láti oṣù kọkànlá ni mo ti ń bọ́ wọn.
Láàárọ̀, torí pé àárọ̀ lo máa ń bọ́ wọn.
Lọ́sàn-án, torí pé ilé dákẹ́.
Lóru, tí ìhà tìrẹ lórí ibùsùn bá tutù,
mo á yọ edé dídì nínú fíríìjì,
ẹja onílà funfun méjèèjì á sáré wá.
Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé o ti kú.
Àjẹkù rọ̀ sísàlẹ̀. Mi ò rí i.
Ẹni tó ń sunkún kì í wo ìsàlẹ̀ omi.

Bára, ọmọ ọmọ wa, ló gbé ìgò tín-ín-rín wá,
ó kán oògùn sí i, ó mì í, a jọ ń wo aago.
Omi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.
"Bàbá àgbà, náítíréètì ti di ọgọ́rin.
Ó yẹ kó má ju mẹ́wàá lọ."
Mo ní irọ́ ni ìgò náà ń pa. A tún un ṣe.
Ìgò ò yí ohùn padà.

Mo rin inú yìnyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù Radim,
mo fẹ́ ra oògùn tó ń pa irun omi.
Radim ò tà á fún mi. Ó ní, "Ta ló ń bọ́ wọn?"
Mo ní èmi ni. "Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́?"
Mo wo bàtà mi.
Ó ní, "Irun yẹn kì í ṣe àrùn. Oúnjẹ yín ló ń jẹ.
Ohun tí ẹja ò bá jẹ, nǹkan kan á jẹ ẹ́."
Ó ta ìgbín òkun mẹ́wàá fún mi nínú ọ̀rá omi.
Mo gbé wọn sábẹ́ kóòtù, lẹ́bàá àyà, nítorí òtútù.
Tírámù ló gbé wa délé; awakọ̀ rẹ̀ ò mọ̀ mí.

Ní báyìí, gbogbo Sátidé,
mo ń fa ìdámẹ́wàá omi jáde, mo ń da tuntun sí i.
Kì í ṣe ìdajì. Mo ti dán ìdajì wò:
iyùn rẹ kan funfun mọ́jú, èyí tí o fẹ́ràn jù.
Mi ò tíì sọ fún Bára.
Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ ni mo fi ń ha òkúta.
Bẹ́ẹ̀ ni, tìrẹ. Ó ṣì wà nínú ife. Mo mọ̀ pé wàá bínú.
Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gungi; dígí ni àwọn tèmi ń gùn,
ibi tí wọ́n bá gbà kọjá á mọ́ tóóró,
bí fèrèsé tí ọmọdé fi ìka nù.

Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Èyí ló ṣòro jù.
Ẹja á wá síwájú dígí, á la ẹnu,
èmi á káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ṣúgà.

Mo ṣì ń jí ní aago méjì òru.
Mo ń jókòó síwájú òkun rẹ láìtan iná,
mo ń gbọ́ pọ́ǹpù.
Náítíréètì ti wálẹ̀ sí ogójì.
Lẹ́yìn òkúta ńlá, lọ́wọ́ òsì,
ìdì irun kan ṣì wà tí mi ò ha kúrò.
Akàn kékeré kan ti fi ṣe ilé.