Ìbéèrè Kẹta

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní Winnipeg,
àwa márùn-ún ti tò síwájú ògiri.
A kì í jókòó. Ẹni tó bá jókòó, ìtàn ni yóò máa pa.
Marivic yí aago kékeré tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹyin lórí iná:
bó bá ti dún, ọ̀rọ̀ tán.

Kí lo ṣe lánàá?
Kí lo fẹ́ ṣe lónìí?
Kí ló dí ọ lọ́wọ́?

Èkíní rọrùn. Èkejì, mo lè fẹnu tún un ṣe.
Ẹ̀kẹta ni mo máa ń dáhùn bí ẹni ń lé eṣinṣin:
"Kò sí."
Ìyá mi ló kọ́ mi. Ní Ìkirè, bí òrùlé bá ń jò,
a ó gbé abọ́ síbẹ̀, a ó kí àlejò káàbọ̀,
a ó sì máa sọ̀rọ̀ sókè kó má baà gbọ́ omi.

Iṣẹ́ wa ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ fún ọkọ̀ akóyìnyín
òpópónà tí yóò kọ́kọ́ là kílẹ̀ tó mọ́:
ọ̀nà ilé ìwòsàn, ọ̀nà bọ́ọ̀sì,
tèmi gbẹ̀yìn, bí wọ́n bá rántí.
Ọ̀sẹ̀ méjì méjì la fi ń gé e,
kò sẹ́ni tó lè gbé odindi iṣu mì.

Pépà pupa rúsúrúsú kan wà lára ògiri, orúkọ mi ló wà níbẹ̀:
Wákàtí Tó Sọnù.
Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, lóru Àbámẹ́ta mọ́jú Àìkú kan,
aago méjì kì í lù nílùú yìí.
Aago kan kọjá, aago mẹ́ta dé. Wọ́n fò ó ni.
Ọkọ̀ tí a ní kó jáde láago méjì ààbọ̀
dúró sí gáréèjì, ó ń retí wákàtí tí Ọlọ́run ò dá.
Èmi tí mo dàgbà níbi tí aago kì í fò,
mò ń wo kóòdù, kóòdù ń wò mí.

Ọjọ́ kẹta. Ọjọ́ karùn-ún.
Pépà Friesen ti kọjá sápá ọ̀tún, níbi tí a kọ "Ó parí" sí.
Ti Oksana kọjá, méjì lẹ́ẹ̀kan náà.
Tèmi ń ká etí sókè bí ewé tí oòrùn pa.
"Kí ló dí ọ lọ́wọ́, Abíọ́nà?"
"Kò sí."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Ó já bọ́ sórí bàtà mi.
Gbogbo wa wò ó. Friesen gbé ikọ́ mì.
Mo bẹ̀rẹ̀ mú un, ohùn tó jáde kì í ṣe èyí tí mo tò sílẹ̀:
"Wákàtí yìí kò yé mi. Kò yé mi láti ọjọ́ kìíní."

Òrùlé ò wó.
Marivic ní, "Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà."
Friesen fa àga. Ọlọ́sìn màlúù ló bí i;
ó ní bó ti wù kí ìjọba yí aago,
ọmú màlúù á kún nígbà tó bá máa kún.
"Ka àkókò bíi ti màlúù. Ìgbà tí o bá fẹ́ fi han ènìyàn
ni kí o tó yí i padà sí ti ìlú."
Ìlà mọ́kànlá. A kò tíì jẹun ọ̀sán tó fi parí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, awakọ̀ kan, Desjarlais, wá wo ohun tí a ṣe,
ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nípọn bí búrẹ́dì.
Kò tilẹ̀ béèrè wákàtí.
Ó ní bọ́tìnnì wa kéré jù fún ìka òun.
A kọ ọ́ sí pépà tuntun.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe ìyá mi.
"Ṣé kò sí o?"
"Kò sí, ọmọ mi. Dáadáa la wà." Ó ń sọ̀rọ̀ sókè.
Lẹ́yìn ohùn rẹ̀ mo gbọ́ ọ: tó. Tó. Tó.
Mo ní, "Màámi,
abọ́ mélòó lẹ gbé sílẹ̀?"