Páwà Mẹ́sàn-án Lórí Tábìlì

Mo to páwà mẹ́sàn-án sórí tábìlì lálẹ́ Àlàmísì,
lẹ́yìn tí àwọn ọmọ iléèwé ti tú ká ní Táńkè.
Nẹ́pà kò tíì mú iná wá.
Wòrú ń fi àkísà nu eruku ara wọn,
ó ń kà wọ́n sókè bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì:
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wáàtì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wáàtì, ẹgbẹ̀ta wáàtì.
Mo ní, Wòrú, ẹnu páálí nìyẹn.
A ò tíì gbọ́ ti inú.

Ìyá mi mọ ìkòkò ní Dàda.
Kò jẹ́ gba owó oníbàárà láìfi oríkèé ìka kan ìkòkò náà:
èyí tó bá dún gooro, ó tì í síwájú;
èyí tó bá dún pàkà, ẹ̀yìn ni ó ń gbà,
ì báà dán bí ojú dígí.
"Ẹni tó ra ìkòkò tó sán," a ní, "omi ni yóò sọ fún un."
Èmi ò lè mọ ìkòkò.
Etí nìkan ni mo jogún.

Mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ wọ̀n wọ́n.
Èyí tí wọ́n kọ wúrà sí lára fúyẹ́ bí búrẹ́dì ìjẹta.
Èyí tó tẹ̀ lé e wúwo, inú mi dùn díẹ̀;
mo tú ìdè rẹ̀, mo bá irin lásán nínú rẹ̀,
bí òkúta nísàlẹ̀ àpò gààrí.
Wòrú rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Ẹnìkan jókòó, ó ronú, kó tó fi irin yẹn síbẹ̀.

Iná dé ní agogo mẹ́wàá kọjá.
Mo so gílóòbù iwájú Pijó mẹ́rin pọ̀,
nítorí ìkòkò tó máa jata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.
Gílóòbù kan: mítà ní méjìlá.
Méjì: méjìlá.
Ní ìkẹta, páwà aláwọ̀ pupa sọ̀ kalẹ̀ sí mọ́kànlá,
fáànù rẹ̀ ń ké bí ẹ̀fọn tó há sínú etí.
Òmíràn rùn bí ike tó bọ́ sínú ààrò.
Tòkúnbọ̀ kan wà níbẹ̀, kò ní páálí, ara rẹ̀ ti họ,
ó tan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mítà ò mira.
Ó wù mí kí n fi ṣe ìkíní.
Ṣùgbọ́n ta ló mọ iye ọdún tó ti sìn kó tó gun ọkọ̀ ojú omi?
Mo fi í sípò kejì.
Ọ̀wọ́n gógó tí ẹnikẹ́ni kì í rà ló gba ipò kìíní.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi nítorí owó rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan.
Èyí tí mò ń tà láti ọdún méjì.
Mo ti ń fi í sẹ́yìn láti ìrọ̀lẹ́, Wòrú rí mi, kò sọ̀rọ̀.
Owó iléèwé Mùhíbàtù wà lára rẹ̀,
páànù orí ṣọ́ọ̀bù yìí náà wà lára rẹ̀.
Gílóòbù kan, ó dúró.
Méjì, ó dúró.
Mo fẹ́ pa á níbẹ̀ kí n sọ pé ó ti tó.
Wòrú ló na ọwọ́ sí ìkẹta.

Pàkà.

Èéfín díẹ̀, lẹ́yìn náà òkùnkùn,
a sì jókòó sínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní àárọ̀ Jímọ́ọ̀ mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo rẹ̀ sára ilẹ̀kùn,
láti òkè dé ìsàlẹ̀, tèmi nísàlẹ̀ pátápátá.
Aládùúgbò mi tó ń ta èyí tó wà nípò kẹjọ
wá dúró, ó kà á tán, ó ní, "Ìyá Mùhíbàtù, ṣé o ya wèrè ni?"
Mi ò dá a lóhùn. Mo ti ṣí ìwé gbèsè,
mò ń wá orúkọ àwọn tó ra tèmi.
Mọ́kàndínlógún ni wọ́n.
Mo tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́, ti Òkèlele.
Ó dún, ó dún, wọ́n gbé e.

Ẹ kú àárọ̀, Alùfáà.
Ẹ má tíì tan kọ̀ǹpútà yẹn.